Oṣù tí Bàbá Agége Ń Pè Mí ní Ọ̀gá

Ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná. Ẹ jẹ́ kí fáànù sinmi díẹ̀, atẹ́gùn Ọlọ́run kò tíì tán nílẹ̀. Ohun tí ẹ bi mí léèrè yẹn kì í ṣe ohun tí à ń dáhùn nínú ariwo. Ẹ ní kí ló dé tí mo máa ń dúró nígbàkigbà tí a bá dé ìdí ògiri gígùn yẹn, lọ́nà Ọ̀gbà, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn. Lójú tiyín, ilé ìjọsìn ńlá ni, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí àti géètì aláwọ̀ wúrà. Lójú tèmi, ilé-iṣẹ́ abọ́ ni. Abọ́ tánganran, abọ́ funfun tó ní ètè búlúù, irú èyí tí àwọn ìyá yín fi ń bu oúnjẹ kí ike tó gba ìgboro. Ibi tí àwọn akọrin ń dúró sí lónìí, ibẹ̀ ni ìléru wa wà, iná rẹ̀ kì í kú tọ̀sántòru.

Nígbà náà, láti Agége títí dé Ìkẹjà, ẹni tí kò ní aago kò ṣìnà. Fèrè ilé-iṣẹ́ ni aago wa, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn tirẹ̀. Ti àwọn ahunṣọ máa ń dún bí abo màlúù tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ti àwọn tó ń ṣe bisikíìtì máa ń han gooro, òórùn dídùn ìyẹ̀fun gbígbóná á sì tẹ̀lé e wọ inú yàrá wa. Tiwa máa ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sọ̀rọ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ bá ará ilé wí. Bí fèrè ahunṣọ bá ti ké, àwọn obìnrin Agége á gbé omi ògì kaná. Bí tiwa bá fi máa húkọ́, kẹ̀kẹ́ ti kún títì. Kẹ̀kẹ́ ni mo wí, kì í ṣe mọ́tò. Àwọn ọkùnrin tó wọ kakí, tí wọ́n so abọ́ oúnjẹ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, á máa ṣàn lọ bí omi, agogo kẹ̀kẹ́ á máa dún wínni-wínni. Ọjà fóònù tí ẹ ń lọ ní Ìkẹjà, tí wọ́n ti ń fa èèyàn láṣọ yẹn, àdúgbò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni nígbà náà. O lè gbọ́ ìró bàtà ara rẹ níbẹ̀. Ní Àgídìngbì, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fa gbágùúdá tu.

Lára àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn ni Bàbá Agége. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Bàbá tó bí mi kú nígbà tí n kò tíì mọ ìwé kà dáadáa, Bàbá Agége ló sì gbà mí sọ́wọ́, àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tí wọ́n wà nílé, ní ìlú wa lápá Ìkìrun. Àwọn méjèèjì ló rán mi níwèé. Ọ̀kan ń dúró ti iná ní Ìkẹjà, èkejì ń ṣa kòkó nílé, èmi sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì ní yunifásítì lórí òógùn àwọn méjèèjì. Ìdí ìléru yẹn gan-an ni Bàbá Agége ti ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ṣùgbọ́n ojú ni ti wọn ti gbóná: iná ti jẹ irun ìpéǹpéjú wọn tán pátápátá, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ojú wọn á dà bí ti ọmọ tuntun.

Oṣù tí mò ń sọ yìí, òun ni oṣù tí àwọn ológun kó ẹrù wọn tí àwọn alágbádá sì wọlé. Rédíò kò dákẹ́ ní ìgboro. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wàràwàrà bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Inú wa dùn. A rò pé ohun tó dára ti dé tán, ó ku ká jókòó tì í. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìhà Ṣókótó dé, níbi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, ilé-iṣẹ́ abọ́ sì ti pè mí pé kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí oṣù bá dá sí méjì. Bàbá Agége ló sọ fún mi pé àyè wà ní yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń wo oògùn tí wọ́n fi ń kun abọ́. Èmi fẹ́ sùn títí di ọjọ́ náà. Bàbá Agége ní n kò ní sùn.

“Àwọn tó tì ọ́ gun igi, o ò tíì sọ fún wọn pé o dé orí ẹ̀ka,” ni wọ́n wí. “Gba ilé lọ. Lọ gba ìre ẹnu wọn kí o tó jókòó lórí àga.”

Bí a ti ń ṣe nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ òyìnbó láì kọ́kọ́ yí ká ẹbí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ ó fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé sí i, ó parí. Àwa máa ń gbé ojú wa lọ ni. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége ní àárọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá, èyí tí mo máa fi kí wọn nílé. Ìgbà tó fi máa di Abẹ́òkúta, búrẹ́dì ti gba òógùn apá mi. Ní gbogbo ibùdókọ̀, ọwọ́ àwọn ọlọ́jà á wọlé láti ojú fèrèsé: ọsàn, ẹ̀kọ, ẹja dídín, omi nínú agolo. Iyán mẹ́rin ni mo jẹ ní ọ̀sán kan ṣoṣo nígbà tí mo dé ìlú wa, nítorí kò sí ilé tí mo lè kọ oúnjẹ wọn. Ní ilé kẹrin, mo ń fi ọgbọ́n yí òkèlè kan náà nínú ọbẹ̀, ìyá onílé sì ní, “Ẹ wò ó, ìwé ti jẹ́ kó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé e mì.” Lẹ́yìn náà mo lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi ní Iléṣà, mo lọ kí tíṣà tó kọ́ mi ní alífábẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀fà, mo tún padà sílé lọ sùn ní ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

Àwọn ni wọ́n sọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń fi oríkì mi pè mí, Àkànní, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n ní ibi tí mò ń lọ yìí, èmi ni n ó wọ bàtà dídán, àbúrò wọn ló ń wọ kakí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́dọ̀ gbọ́ láéláé pé mo nàró kí Bàbá Agége. Mo ní, “Háà, Ìyá Àgbà, èmi kẹ̀?” Ta ni ìyẹn lè ṣòro fún?

Ìgbà tí mò ń padà, Iléyá ti sún mọ́lé. Àgbò ló kún ọkọ̀ ojú irin láti òkè Ọya wá, ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí agbo ẹran. Adìẹ kan tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ní Iléṣà já okùn lẹ́bàá Ìbàdàn, ó fò lé àgbò kan lórí, àgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Gbogbo ọkọ̀ dìde. Ìyá arúgbó kan tí n kò mọ̀ rí ló fi ìborùn rẹ̀ mú adìẹ náà, tó so ó padà, tó sì bú mi títí a fi dé Agége pé irú ọmọ wo ni kò mọ okùn so.

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà wá wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí kì í tú táì rẹ̀ bó ti wù kí oòrùn mú. Ó ka òfin ilé-iṣẹ́ fún àwa tuntun. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ìbátan méjì kò gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ kan náà, àgàgà bí ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀gá fún èkejì. Ọkùnrin kan ti kó àwọn ará ilé rẹ̀ kún ibi ìdìpọ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá a wí, gbogbo ẹ̀ka náà kò ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí àṣírí irú rẹ̀ bá tú, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré ló máa ń fi ẹ̀ka náà sílẹ̀. Mo gbọ́, kò kàn mí. Yàrá àyẹ̀wò ni mò ń lọ. Àfi ìgbà tó dé ọ̀rọ̀ mi tó ní yàrá àyẹ̀wò ti kún, pé wọ́n ti fi mí ṣe igbákejì alábòójútó ní ìdí ìléru.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni, mi ò sì tíì bi àgbà ilé. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í dá irú rẹ̀ sọ níta.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Agége gbọ́, wọ́n ní kí ìyàwó wọn ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó wọn yìí, Ìyá Bísí, obìnrin tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ni. Bàbá Agége ní bí a bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi ni wọ́n máa yọ. Wọ́n ní àwọn ti ń wo iná yẹn láti ìgbà tí mo ti ń tọ̀ sórí ẹní, pé ó ku díẹ̀ káwọn fẹ̀yìn tì, àwọn kò sì fẹ́ kúrò nídìí ìléru bí ẹni tó jalè. Orúkọ kò lè tú wa fó, nítorí orúkọ ìsàmì bàbá mi ni èmi ń jẹ́, orúkọ bàbá wọn, Òjélàbí, ni àwọn sì ń jẹ́.

“Láti ọ̀la,” ni wọ́n wí, “o ò mọ̀ mí rí. Òjélàbí ni kí o máa pè mí.”

“Bàbá, ẹnu mi ò lè pe orúkọ yín.”

“Ṣé ẹnu rẹ ló gba iṣẹ́ ni?”

Ìyá Bísí ní kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo la ẹnu, mo ní, “Bàbá Òjélàbí.” Wọ́n ní kí n yọ Bàbá kúrò. Mo tún la ẹnu, mo ní, “Ẹ̀yin Òjélàbí, sà.” Ìyá Bísí fi aṣọ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Agége kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn, wọ́n sì sọ ọ́ jáde: bí n kò bá ní kí wọn níbi iṣẹ́, níbo ni ìkíni yẹn máa wọlẹ̀ sí? Wọ́n rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n wá dá a báyìí pé, ní àràárọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ méjì ni n ó máa ṣe nínú yàrá. Àkọ́kọ́ ni ti ẹ kú ojúmọ́. Èkejì ni ti ibi iṣẹ́, tí n ó ṣe sílẹ̀ kí a tó jáde.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ní gbogbo àárọ̀ oṣù yẹn, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó dìde, n ó tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá Agége á dúró pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á gba ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn pẹ̀lú ojú líle bí ẹni tó ti wà níwájú ìléru. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Kẹ̀kẹ́ tó gbé mi káàkiri Agége nígbà tí mo bá wá lo ìsinmi, n kò lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Èmi á dúró títí wọn á fi kọjá ojú irin, n ó wá wọ bọ́ọ̀sì.

Ohun tó le jù kì í ṣe orúkọ. Orúkọ, mo wá ọgbọ́n sí i. Mo sọ gbogbo ọkùnrin ìdí ìléru di Bàbá, títí kan àwọn tí mo dàgbà jù, kí ti Bàbá Agége lè sá pamọ́ sáàárín wọn. Wọ́n sì sọ mí ní Ọ̀gá Bàbá-ẹ-ǹ-lẹ́. Ohun tó le ni àárọ̀ àkọ́kọ́, tí Bàbá Agége wá síwájú mi pẹ̀lú àwọn yòókù, tí wọ́n ṣí fìlà, tí wọ́n tẹrí ba, tí wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Wọ́n pè mí ní ẹ. Ẹnu tó ń bú mi, tó ń kì mí, tó ń sọ fún mi pé kí n lọ wẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀,” orúnkún mi sì yẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó mú un dúró. Sùnmọ́nù, ọkùnrin Agége gíga kan tó jẹ́ ẹnì kejì Bàbá Agége nídìí ìléru, rí mi.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ṣé iná ló ń bà yín lẹ́rù ni, àbí Òjélàbí? Bó bá ti yọ báyìí, ẹsẹ̀ yín á máa gbọ̀n.”

Mo ní iná ni.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà o. Kò sí ohun tó dùn ún wò bí abọ́ tó ń ti inú iná jáde. Wọ́n á ti rì wọ́n sínú oògùn funfun tó dà bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á rọ̀ wọ́n sórí irin gbọọrọ, wọ́n á tì wọ́n wọlé. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá máa funfun díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń tutù, wọ́n á sì máa dún tín-ín, tín-ín, bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo máa ń ronú pé èyí ni mo kàwé fún. Bí mo bá wo ọwọ́ òsì, n ó rí Bàbá Agége tí wọ́n ń fi ọwọ́ nu ojú tí kò nírun mọ́, inú mi á bàjẹ́, inú mi á sì tún dùn.

Láàárín ìyẹn ni Ìyá Àgbà dé. Ẹnikẹ́ni kì í sọ tẹ́lẹ̀ nígbà náà; o kàn máa jí, o máa rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bi ọ́ pé kí ló dé tí o rù. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n ní àwọn wá wo bí a ṣe ń gbé pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí mi tí mo ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí ni èyí, ṣé ó gbàgbé ìkan ni? A sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ti orúkọ, wọ́n gbọ́ ti sà. Wọn kò bínú sí mi. Àbúrò wọn ni wọ́n kọjú sí, wọ́n bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ló ń sọ ọmọ di àgbà lórí bàbá rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bàbá Agége ní iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn ni. Ìyá Àgbà ní iṣẹ́ ń bọ́ èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ó tún ń bọ́ aṣọ lára èèyàn.

Iléyá kọjá. Sùnmọ́nù gbé ẹran wá fún gbogbo ìdí ìléru nínú abọ́ wa fúnra wa, ti ọ̀gá, ti òṣìṣẹ́, kò yọ onígbàgbọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí a padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ohun tí mò ń sọ bọ̀ ṣẹlẹ̀.

Mo kọ ẹ̀yìn sí ìléru, mò ń wo ìwọ̀n ooru lára ògiri. Lókè orí mi ni irin gbọọrọ tí wọ́n rọ abọ́ mọ́ ti ń rìn kọjá lórí ẹ̀wọ̀n. Ìwọ́ kan yọ. Irin náà fì, ó doríkodò sí ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú abọ́ pípọ́n tó wà lórí rẹ̀. N kò rí i. Ariwo ìdí ìléru kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohunkóhun, wọ́n ní Sùnmọ́nù ké “Ọ̀gá!” ó sì tún ké e, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń ké e, ọ̀gá sì pọ̀ nínú ilé náà. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Èmi ò gbà. Ohùn kan ni mo gbọ́ láti inú ariwo yẹn, ohùn tó máa ń jí mi lórí ẹní.

“Àkànní!”

Ara mi ti dáhùn kí n tó mọ̀. Mo fò síwájú. Abọ́ balẹ̀ sí ibi tí mo dúró sí, wọ́n fọ́n káàkiri bí ẹ̀yinná, ibi tí wọ́n gbà kọjá lára aṣọ iṣẹ́ mi ń rú èéfín. Ìgbà tí mo yíjú, tí mo rí Bàbá Agége tí ọwọ́ wọn ṣì nà sí mi, mo ní, “Bàbá mi,” mo sì na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tó fọ́n ká.

Ta ni kò mọ̀? Ojúlùmọ̀ kì í fi oríkì pe èèyàn. Ẹni tó bá ti pè ọ́ ní Àkànní, ó mọ ẹni tó bí ọ. Sùnmọ́nù ṣí fìlà, ó ní, “Òjélàbí, ọmọ rẹ ni? O sì ń jẹ́ ká máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.” Gbogbo wọn ni ì bá gbé e mì, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wá wo iṣẹ́ ni, ó sì gbọ́, ó sì rí.

Ó pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dìde fún Bàbá Agége, ó ní kí wọ́n jókòó, wọn kò jókòó. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bà nínú jẹ́. Ó ní òfin ni òfin, ó sì ti gé àwọn mìíràn. Ẹni tí ipò rẹ̀ kéré ló máa fi ẹ̀ka sílẹ̀, kò sì sí àyè mìíràn fún Bàbá Agége ju gbígbá àgbàlá lọ.

“Mo gbà,” ni Bàbá Agége wí. “Èmi ni mò ń lọ. Òun ló ń bọ̀.”

Mo wo ọwọ́ wọn. Mo rò ó pé n ó máa gba ẹnu géètì wọlé, àwọn á máa gbálẹ̀ fún mi kọjá. Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí pé ṣé bí èmi bá kúrò nídìí ìléru, òfin á tẹ́ lọ́rùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n níbo ni n ó lọ? Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo: wọ́n ń wá ẹni tó máa tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó abọ́ lọ sí àwọn ọjà òkè, Oǹdó, Ìlọrin, títí dé Bìdá. Ó ní iṣẹ́ yẹn kò wá ẹni tó kàwé. Mo ní kó kọ orúkọ mi sí i.

Lọ́nà ilé, Bàbá Agége kò gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń tì í ni, èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ìgbà tí a dé ojú irin ni wọ́n dúró.

“Ṣé torí kí o lè máa ta abọ́ ni mo ṣe jẹ́ kí iná jẹ ojú mi?”

Títí di òní, ìbéèrè yẹn ṣì ń bá mi rìn. Nílé, Ìyá Àgbà gbọ́ tiwọn, wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Wọ́n wá sọ fún àbúrò wọn pé, “Bí òun bá wà nídìí iná, tí ìwọ sì ń gbálẹ̀ níta, ta ni kí n wá kí ní Ìkẹjà?” Bàbá Agége jáde lọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ nígbà tí táyà ti le tipẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Mo rìn pẹ̀lú abọ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọjà tí n kò sùn nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá àwọn ọmọ mi. Kẹ́místrì tí mo kọ́, mo gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, bí mo bá gbọ́ tín-ín, tín-ín níbì kan, ọkàn mi máa ń lọ sí ìdí iná yẹn, mo sì máa ń bi ara mi pé kí ni ǹ bá dà. Bàbá Agége dúró nídìí rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn wọn, ike dé, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, fèrè kan lónìí, fèrè kan lọ́la. Ọjọ́ tí tiwa dákẹ́, kò sẹ́ni tó tètè mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Agége jáde kí n tó jí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò ní kí wọn nínú yàrá. Mo wọ ẹ̀wù funfun tí mo ní, mo sá lọ. Bí mo ti dé ẹnu géètì ni fèrè húkọ́, kẹ̀kẹ́ sì ń wọlé wìtìwìtì. Mo rí Bàbá Agége láàárín wọn. Mo pè wọ́n ní Bàbá, wọ́n dúró, mo sì dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ dúdú tí epo ọkọ̀ ti mu, níwájú àwọn ahunṣọ, níwájú àwọn oníbisikíìtì, níwájú Sùnmọ́nù. Àwọn kẹ̀kẹ́ ń lu agogo, wọ́n ń yà sí ọ̀tún, wọ́n ń yà sí òsì. Bàbá Agége kò sọ̀rọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bí àgbà kò bá tíì dá ọ lóhùn, o kò gbọ́dọ̀ dìde. Mo ń wo bàtà wọn, táyà kẹ̀kẹ́ wọn, eruku. Fèrè húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé wọ́n máa fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n bá sì fi mí sílẹ̀, wọn kò jẹ̀bi.

Mo gbọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ dúró. Ọwọ́ wọn bà mí léjìká.

“Dìde, Àkànní,” ni wọ́n wí. “O ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́.”